Ẹni Tó Ní Ká Má Bojú Wẹ̀yìn

                                        Yàrá Tó Kọjú Sí Àtẹ̀gùn,
                                        Ilé Alájà Méjì,
                                        Ẹ̀yìn Gáréèjì Àtijọ́.

                                        Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹsàn-án.

Ìyàwó mi àtàtà,

Báwo ni ara? Báwo ni ilé? Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Orúnkún Màmá ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ dáadáa, àbí wọ́n ṣì ń díbọ́n pé kò dùn wọ́n mọ́, kí o má baà fà wọ́n lọ sí ọsibítù tó wà lódìkejì títì níbẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé àbíkẹ́yìn yín ti sọ tábìlì oníbàárà di tábìlì iṣẹ́ àmúrelé, pé ó tún ń bi àwọn tó ń jẹun ní ìdáhùn. Ẹ má nà án o. Ẹni tó ń dúró de aláìsàn nílò ohun tí yóò fi gbàgbé ara rẹ̀ díẹ̀, ìṣirò kò sì burú. Èmi náà wà. Ara mi le, àfi ẹnu mi tí kò sinmi, o sì mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe àìsàn tuntun.

Ọkọ rẹ ńkọ́, àbúrò mi olójú kòkòrò? Mi ò tíì kí i. Ka lẹ́tà yìí tán ná, lẹ́yìn náà kí ìwọ fúnra rẹ pinnu bóyá ó yẹ ní kíkí. Bí mo ṣe júwe rẹ fún un nígbà tó ń wá ìyàwó, tí mo sọ ọ̀rẹ́ mi di ìyàwó mi, ó yẹ kó ti fi ọgbọ́n kan sí i lára láti ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ná.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi. O ní Ẹ̀fúùfù wá sí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ Màmá, pé ọkọ̀ rẹ̀ gùn débi pé ó dí ẹnu ọ̀nà ọsibítù, tí àwọn tó gbé aláìsàn wá ń fun fèrè mọ́ ọn. O ní ó dì mọ́ ọ, ó sunkún, ó ní òun fẹ́ sọ ṣọ́ọ̀bù yẹn di ọ̀kan lára àwọn ilé oúnjẹ òun. O ní láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ ọkọ rẹ kò ti kanlẹ̀ mọ́, pé orí bébà òfìfo ló ti ń kọ́ bí yóò ṣe máa fọwọ́ sí ìwé bí ọ̀gá. O ní lọ́jọ́ Sátidé yìí ni Ẹ̀fúùfù ń padà bọ̀ kí wọ́n wá parí ọ̀rọ̀, àti pé títí di ìsinsìnyí, kò sí ẹni tó tíì bá Màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù sọ ọ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, o wá bi mí pé, níwọ̀n bí mo ti ń se oúnjẹ lọ́dọ̀ Ẹ̀fúùfù, ṣé èèyàn tó ṣeé fọkàn tán ni.

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ń gbé yàrá kejì fi kan ògiri. Fa àga sún mọ́ ìdí fèrèsé, kí n rò ó fún ọ.

Ohun tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n kọ́ là ń fojú wa rí níbi. Láàárọ̀, kí a tó tan iná, gbogbo wa la ó jáde sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, alásè, agbáwo, ẹni tó ń fọ abọ́, a ó sì sáré yí i ká. Ìyá tó ń fọ abọ́ wa ti ní ọmọ-ọmọ. Òun náà ń sáré, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́. Alákòóso ẹ̀ka wa á dúró síbòòji, á máa fun fèrè lé wa lórí. Òun kì í sáré, ó ní orúnkún òun kò gbà fún òun. A kò gbọdọ̀ pe Ẹ̀fúùfù ní Màdáámù, Kóòṣì là ń pè é. Bí agbáwo bá fọ́ abọ́, wọn kì í bá a wí ní kọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn wí. Káàdì pupa ni wọ́n ń nà sókè sí i níwájú oníbàárà, àwọn oníbàárà á sì pàtẹ́wọ́, nítorí wọ́n rò pé eré ni.

Bí o bá wọlé wa, o ò ní rí àga. Tábìlì gíga gíga tí èèyàn ń dúró tì ló wà níbẹ̀. Ẹ̀fúùfù ní eléré ìdárayá kì í jókòó jẹun. Ṣíọ̀! Ẹ̀fúùfù kan náà tá a jọ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì! Ta ló máa ń jókòó pẹ́ jù ú lọ ní yàrá ìjẹun? Ṣé kì í ṣe òun ni wọ́n máa ń gbá ilẹ̀ yí ká, tí wọ́n á gbé àga yòókù lé orí tábìlì, tí yóò ṣì máa fi búrẹ́dì nu ìdí abọ́? Òun ló wá mọ bí eléré ìdárayá ṣe ń jẹun lónìí.

Fọ́tò rẹ̀ ńlá wà lára ògiri gbogbo ẹ̀ka, níbi tó ti ń fi àyà já okùn ìparí eré, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbàgà. Wọ́n ti gé àwa mẹ́ta yòókù tá a jọ sá eré náà kúrò nínú rẹ̀. Bí o bá wò ó fínnífínní, o ó rí ìka ọwọ́ kan tó yọ létí fọ́tò náà. Tìrẹ ni. Lójoojúmọ́ ni mo ń kí ìka yẹn kí n tó wọ ilé ìdáná.

Àpótí gíláàsì kan wà lábẹ́ fọ́tò náà. Ọ̀pá kan wà nínú rẹ̀, irú èyí tá a máa ń gbé fún ara wa nínú eré ìje ẹlẹ́ni-mẹ́rin. Wọ́n kọ ọ́ síwájú rẹ̀ gàdàgbà pé ọ̀pá tí Kóòṣì gbé dé ìparí eré lọ́jọ́ ńlá náà gan-an nìyí. Wọ́n wá rán mi lọ ran ẹ̀ka mìíràn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, mo sì bá ọ̀pá mìíràn nínú àpótí tiwọn, ọ̀rọ̀ kan náà níwájú rẹ̀. Gbogbo ẹ̀ka ló ní ọ̀pá gidi tiẹ̀. Èmi ń wò wọ́n ni. Ọ̀pá gidi tí kóòṣì wa àgbà fà lé ọ lọ́wọ́ lẹ́yìn eré lọ́jọ́ náà, mo mọ ibi tó wà. Màmá ló fi ń gbé fèrèsé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ró kí èéfín lè ráyè jáde, iṣẹ́ tó sì ń ṣe níbẹ̀ dára ju iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe nínú gíláàsì lọ.

Ìtàn tó ń sọ kiri ló ń bí mi nínú jù. O ti gbọ́ ọ lórí rédíò, má sọ fún mi pé o ò gbọ́. Ó ní nígbà tí òun fi máa gba ọ̀pá, àwa la wà lẹ́yìn pátápátá. Ó ní ẹni tó gbé e fún òun ti rẹ̀ tẹnutẹnu, ó ku díẹ̀ kó jù ú sílẹ̀. Ó ní òun kò bojú wẹ̀yìn, òun kàn na ọwọ́ sẹ́yìn, òun gbà á, òun sì lọ. Ó ní láti ọjọ́ náà ni òun ti mọ̀ pé ayé kò gba kéèyàn máa bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó rẹ̀ tẹnutẹnu yẹn nìwọ o, ìyàwó mi. Orúkọ rẹ ló fi ń ta oúnjẹ.

Jẹ́ ká rán ara wa létí ohun tó ṣẹlẹ̀, kí irọ́ yìí má baà di òótọ́ létí ọkọ rẹ. Àwa mẹ́ta ti pẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà náà, Ẹ̀fúùfù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Ẹni tó yẹ kó sáré ìkẹyìn ló fi ẹsẹ̀ rọ́, ni kóòṣì wa bá mú ọmọ tuntun yìí sí i nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ọmọ dáadáa ni nígbà yẹn. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí wa láàárọ̀ nínú aṣọ eré, ẹ̀gbọ́n ló ń pè wá, kò sì lè gba síbí lásán lọ́wọ́ ìwọ tàbí èmi láìfi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Lọ́jọ́ eré, ẹni àkọ́kọ́ sáré tirẹ̀, ó gbé ọ̀pá fún mi, èmi náà sá tèmi, mo gbé e fún ọ. Nígbà tí ìwọ fi máa yí kọ́nà, àwọn tó kù ṣì ń wá ara wọn lẹ́yìn. O dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀fúùfù, o ké sí i pé, “Gbà!”

Kí ni Ẹ̀fúùfù ṣe? Ó yí padà. Ó wo ojú rẹ. Ó tẹ orúnkún méjèèjì, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì sọ pé, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi.” Láàárín pápá! Níwájú gbogbo èrò! Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ìwọ lo tì í léjìká kó tó rántí pé eré là ń sá. Bó sì ti fi àkókò ṣòfò tó yẹn, ó ṣì borí, nítorí ibi tó o ti gbé eré náà fún un, ìyá tó ń fọ abọ́ wa lè fẹsẹ̀ rìn ín dé ìparí, pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀.

Ẹni yìí gan-an ló wá ṣòfin fún wa. Òfin náà ni pé agbáwo gbọ́dọ̀ kẹ̀yìn sí fèrèsé tí à ń gbà gbé oúnjẹ jáde ní ilé ìdáná. Á na ọwọ́ sẹ́yìn, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. Alásè á ké “Gbà!”, á gbé abọ́ lé e lọ́wọ́, agbáwo á sì gbéra láìwo ohun tó gbà. Ó ní bíbojú wẹ̀yìn ló ń jẹ àkókò oníbàárà. Àwọn tó ń tẹ̀ lé e kiri ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ń mi orí. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó lè sọ fún un pé ọ̀pá kì í gbóná, pé ọ̀pá kì í ní omi nínú, pé bí ọ̀pá bá já bọ́, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí, kì í bọ́ sára èèyàn.

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ ń rín. Ẹni tó béèrè ìrẹsì àti ẹja gba tíì àti búrẹ́dì, ó sì jẹ ẹ́, nítorí kó tó la ẹnu, agbáwo ti sá lọ. Ẹlòmíràn gba abọ́ tó ṣófo. Alákòóso wa ní kó má bínú, pé ó kéré tán ó tètè dé. Gbogbo ìyẹn jẹ́ yẹ̀yẹ́ fún mi títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ọmọbìnrin agbáwo kan wà lọ́dọ̀ wa tá à ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ohun tí kò lè pa á lẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ara rẹ̀ sì yá mọ́ èèyàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èrò kún, alásè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bu ọbẹ̀ ẹran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná, ó ké “Gbà!”, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ tó wà níwájú rẹ̀. Ìdí abọ́ náà jó Ẹlẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, gbogbo ọbẹ̀ náà sì ya dà lé e lápá láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Igbe tó ké, mi ò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́. Èmi ni mo fà á wọlé, mo gbé apá rẹ̀ sábẹ́ omi ẹ̀rọ, mo dì í mú nítorí ó fẹ́ ṣubú. Ṣé o mọ ohun tí alákòóso wa ṣe? Ó fun fèrè.

Lọ́jọ́ kejì ni Ẹ̀fúùfù dé. Mo rò pé ó wá kí ọmọ náà ni. Ó pè wá jọ síwájú fèrèsé ilé ìdáná, ó wọ aṣọ eré ìdárayá funfun tí kò tíì rí òógùn rí, ọmọkùnrin kan sì ń fi fóònù ya gbogbo ohun tó ń ṣe. Ẹlẹ́rìn-ín dúró láàárín wa, báńdéèjì ti bo apá rẹ̀ tán.

Ẹ̀fúùfù ní, “Ṣé ẹ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá bojú wẹ̀yìn?”

Ẹlẹ́rìn-ín ní, “Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, mi ò bojú wẹ̀yìn. Ìdí abọ́ yẹn ló jó mi lọ́wọ́.”

“Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀? Tó ò bá bojú wẹ̀yìn, ọwọ́ ẹ á gbọ̀n? Ìbẹ̀rù ló mú ẹ bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó ń bẹ̀rù ò lè wà nínú ẹgbẹ́ mi.” Ló bá ki ọwọ́ bọ àpò, ó na káàdì pupa sókè.

Mo ti ń fara da fèrè, mo ti ń fara da fọ́tò, mo ti gbà kí ẹni tó ń kúnlẹ̀ kí mi nígbà kan máa pè mí ní “ìwọ alásè yìí”. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jóná dúró níwájú rẹ̀, kò béèrè pé báwo ni ọwọ́. Kò tilẹ̀ wo ọwọ́ náà! Mo bá yọ orí lójú fèrèsé. N kò pè é ní Kóòṣì.

Mo ní, “Ẹ̀fúùfù, fi bí wọ́n ṣe ń gbà á hàn wá. Àwa ò mọ̀ ọ́n gbà.”

Ó wò mí bí ẹni pé ògiri ló sọ̀rọ̀. Ó wá rántí ọmọkùnrin tó ń fi fóònù yà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Ẹ dẹ̀ máa wò mí dáadáa.” Ó ká apá aṣọ, ó kẹ̀yìn sí mi, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́.

Ìkòkò ọbẹ̀ wà lórí iná. Mo bu ọbẹ̀ kún abọ́, mo fi aṣọ dì í mú. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ fún ọ, ìyàwó mi: ó wù mí kí n gbé e lé e lọ́wọ́. Ó wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n n kò fi ohùn alásè pè é. Ohùn tìẹ ni mo yá, ohùn orí pápá, èyí tó máa ń mú kóòṣì wa di fìlà mú.

Mo ké pé, “Gbà!”

Orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti yí padà, ó ti tẹ orúnkún, ó ti na ọwọ́ méjèèjì, ó ń wo ojú mi, ọ̀rọ̀ sì jáde lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ìyá tó ń fọ abọ́ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà gbogbo ilé ìdáná gbà á. Oníbàárà tó wà ní tábìlì gíga ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín náà rẹ́rìn-ín, ó fi apá tó dára bo ẹnu. Ọmọkùnrin onífóònù yẹn kò mọ̀ bóyá kí òun dáwọ́ dúró, ó ń yà á lọ.

Mo gbé abọ́ ọbẹ̀ náà kalẹ̀ sórí káńtà. Mo ní, “Ṣé o rí i? O bojú wẹ̀yìn. Kò jó ọ.”

Ojú rẹ̀ yí padà bí ẹni tí wọ́n bá níhòòhò. Ó ní kí n bọ́ aṣọ ìdáná sílẹ̀ kí n máa lọ. Mo ti ń tú okùn rẹ̀ kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo fa Ẹlẹ́rìn-ín lọ́wọ́ tó dára, a jọ gba ẹnu ọ̀nà oníbàárà jáde, lábẹ́ fọ́tò ńlá. Mo kí ìka rẹ bí mo ṣe ń kọjá.

Mo fẹ́ kó yé ọ dáadáa. Orúnkún yẹn kọ́ ni mo ń kẹ́gàn. Orúnkún yẹn nìkan ni nǹkan tó dára tó ṣẹ́kù lára rẹ̀, òun gan-an ló sì ń fi pamọ́. Ká ní ìtàn yẹn ló ń sọ lórí tẹlifíṣọ̀n, pé òun kúnlẹ̀ gba ọ̀pá láàárín eré nítorí ilé tó dára ni òun ti wá, èmi ìbá máa jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí n sì máa fi í yangàn. Ṣùgbọ́n ó yàn láti jẹ́ ẹni tí kò mọ ẹni tó gbé nǹkan fún òun. Ó wá kọ́ gbogbo ilé oúnjẹ rẹ̀ sórí irọ́ yẹn, ó ń fi ọwọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ dán an wò. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ojú ń tì mí pé mo bá a jẹun pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Àwòrán bó ṣe fẹ́ kí ó rí wà lára ògiri ọ́fíìsì alákòóso wa, mo ti rí i. N kò mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù wa ni títí lẹ́tà rẹ fi dé, tí mo wá rántí ẹnu ọ̀nà ọsibítù tí wọ́n yà sódìkejì. Kò sí bẹ́ǹṣì kankan nínú àwòrán náà. Wọ́n ti wó ìdáná Màmá. Bẹ́ǹṣì ìdí iná tí Màmá ń jókòó lé láràárọ̀, níbi tí orúnkún wọn ti ń rí ooru, ṣé o mọ ohun tó wà níbẹ̀ nínú àwòrán? Àpótí gíláàsì. Ó fẹ́ gbé Màmá dìde kó fi ọ̀pá irọ́ jókòó síbẹ̀.

Ìwọ ló ń rí wọn lójoojúmọ́, kò yẹ kí n máa sọ fún ọ. Ọkùnrin tí wọ́n gbé ìyàwó rẹ̀ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ á wọlé, á ra tíì, kò ní mu ún. Màmá kì í bi í ní nǹkan kan. Wọ́n á kàn sún, àyè á sì wà lórí bẹ́ǹṣì, ọkùnrin náà á jókòó títí tíì á fi tutù. Nígbà míì wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ fún un láìgba nǹkan kan. Iṣẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù yẹn ń ṣe nìyẹn, oúnjẹ kàn wà níbẹ̀ ni. Bí Ẹ̀fúùfù bá gbà á, ẹni tó ti dúró láti àárọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù yóò wá tún dúró jẹun, wọn yóò sì máa fun fèrè sí i létí. Ó pè é ní búkà lásán, àbí? Ọkọ rẹ sì bá a rẹ́rìn-ín. O kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ pé ó bá a rẹ́rìn-ín. Mo ka ibẹ̀ títí, omi bọ́ lójú mi. Bẹ́ǹṣì wọ̀nyẹn ló rán òun àti èmi níléèwé.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ara mi bò ọ́ lójú. Mi ò níṣẹ́ mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì ń sọ ọ́ fún ọ nìkan. Bí ẹ bá fi ṣọ́ọ̀bù yẹn sílẹ̀, mi ò mọ ibi tí n ó dúró sí. Mo ti di ẹrù mi. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni n ó wọlé, Ẹlẹ́rìn-ín ń bá mi bọ̀, nítorí kò ní ẹni tí yóò máa tú báńdéèjì rẹ̀ fún un. Bí ẹ bá lè gba èèyàn méjì mọ́ ìdí iná, a ó dúpẹ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jókòó ná.

Bá mi kí Màmá. Sọ fún wọn pé ọmọ wọn ń bọ̀, kí wọ́n má fi orúnkún dídùn gun àtẹ̀gùn nítorí kí wọ́n lè tún yàrá ṣe fún mi. Bá mi kí àwọn ọmọ. Bá mi kí nọ́ọ̀sì tó máa ń fi oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ jẹ ti ọ̀sán. Ó dáa, kí ọkọ rẹ náà. Sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ìdí iná láti àárọ̀ di ọ̀sán, kó má ṣe nǹkan kan, kó kàn máa wo ẹni tó ń wọlé.

Ní ti Sátidé, má bá Ẹ̀fúùfù jà. Má lé e. Jẹ́ kó wọlé pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀ àti àwọn tó ń tẹ̀ lé e. Sọ fún Màmá kí wọ́n bu tíì sí kọ́ọ̀bù, kó gbóná dáadáa, kí wọ́n sì gbé e fún un fúnra wọn. Kò ní lè fi ẹ̀yìn gbà á, mo ti dán an wò. Nígbà tó bá wà lórí orúnkún, tí kọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, tó ń wo ojú Màmá, kí ọkọ rẹ wá sọ fún un pé ó yá, kó sọ ohun tó wá gbà lọ́wọ́ wọn.

Èmi náà ni ọkọ rẹ tó ń wọ síkẹ́ẹ̀tì,

Ẹlẹ́nu-Abẹ.